Ọmú àti Àtọ̀gbẹ Ọmọdé: Àwọn Ìbéèrè Tí Kì Í Tán Lẹ́nu Àwọn Ìyá

Láti àntínátà títí dé ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn ìbéèrè yìí ló ń padà wá. A kó wọn jọ síbí, a sì dáhùn wọn bí ìmọ̀ ìṣègùn ṣe dúró báyìí. Ní ti ọmọ tiyín gan-an, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀.

Ṣé ọmọdé náà máa ń ní àtọ̀gbẹ?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ọwọ́ pàápàá lè ní in. Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbà pé àìsàn àgbàlagbà ni, àìsàn ẹni tó rówó jẹ tó rówó mu. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ọmọ ọdún mẹ́ta bá ń tọ̀ ṣáá tó sì ń rù, ibà ni gbogbo ilé máa kọ́kọ́ fura sí.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ní oríṣi kìíní, àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá àrùn jà ló máa yíjú padà sí pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ. Wọ́n á máa pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè insulin níbẹ̀, bíi mẹ́gáàdì tó ń na onílé tó gbà á síṣẹ́. Láìsí insulin, ṣúgà tó wá látinú oúnjẹ ò lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kó wọ inú ẹran ara, abẹ́rẹ́ insulin ló sì máa ń rọ́pò rẹ̀. Ní oríṣi kejì, insulin wà ńlẹ̀, ara ni kì í dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Ìran àti ìsanrajù ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

Oríṣi kìíní ló pọ̀ jù lára ọmọdé, àmọ́ oríṣi kejì ti ń pọ̀ sí i láàárín àwọn ọ̀dọ́langba tó sanra. Ohun tí ọmú lè ṣe sí oríṣi kan yàtọ̀ sí ohun tó lè ṣe sí èkejì, nítorí náà ẹ máa wo èyí tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń sọ.

Ṣé súwíìtì àti bisikíìtì ló ń fà á?

Kì í ṣe àwọn ló ń fa oríṣi kìíní. Ọmọ tí kò fẹnu kan súwíìtì rí lè ní in. Ní ti oríṣi kejì, ohun dídùn kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti jíìsì inú páálí lójoojúmọ́ máa ń mú ọmọ sanra, ìsanra yẹn ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún un. Jẹ́díjẹ́dí tí àwọn àgbà máa ń sọ, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.

Kí ni ọmú wá ní í ṣe pẹ̀lú àtọ̀gbẹ?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1984, àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti Scandinavia dá a lábàá nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet pé àìmu ọmú tó lè ní ọwọ́ nínú àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní lára ọmọdé. Láti ìgbà náà ni ìwádìí ti ń tẹ̀lé ìwádìí.

Ọ̀nà tí ọmú lè gbà ṣiṣẹ́ pọ̀. Ìfun ọmọ tuntun ò tíì dì dáadáa, omi ọyàn sì máa ń mú kó tètè gbó, ó ń bọ́ àwọn kòkòrò rere tó ń gbé inú rẹ̀. Àwọn èròjà tó ń bá àrùn jà máa ń ti ara ìyá bọ́ sára ọmọ nípasẹ̀ rẹ̀, kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tó ń ba ìfun jẹ́ á sì dín kù, bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyẹn wà lára ohun tí wọ́n fura sí pé ó ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí sí pancreas. Omi ọyàn ní ìwọ̀nba insulin nínú pẹ̀lú. Àti pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ń mu ọmú nìkan, oúnjẹ àjèjì ò tíì wọ inú rẹ̀.

Gbogbo èyí bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ ohun tó bọ́gbọ́n mu lọ́tọ̀, ohun tí ìwádìí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́tọ̀.

Ṣé ọmọ tó bá mu ọmú dáadáa kò lè ní àtọ̀gbẹ mọ́?

Ó lè ní in. Ẹ má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá sọ fún yín pé ọmú jẹ́ àjẹsára àtọ̀gbẹ.

Ìwádìí ńlá kan tí a lè gbára lé lórí oríṣi kìíní jáde ní 2017. Wọ́n tẹ̀lé àwọn ọmọ tó lé ní 155,000 ní Norway àti Denmark. Àwọn tí wọn kò fún lọ́mú rárá ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní tó ìlọ́po méjì àwọn tó mu ọmú. Apá kejì àbájáde náà ni àwọn èèyàn kì í sábà sọ: láàárín àwọn tó mu ọmú, bóyá oṣù díẹ̀ ni o, bóyá ọdún kan gbáko ni o, ewu náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé mímu díẹ̀ sàn ju àìmu rárá lọ, àti pé kò sí ìdí tí ìyá tó fún ọmọ lọ́mú oṣù mẹ́rin fi gbọ́dọ̀ máa rò pé òun ti ṣe ọmọ òun níbi.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní ò wọ́pọ̀. Ìlọ́po méjì ohun tó kéré, kékeré náà ni. Ìyá tí kò fún ọmọ lọ́mú rárá sì lè jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, tàbí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò pé oṣù, nítorí náà a ò lè fi gbogbo ara sọ pé àìmu ọmú nìkan ló fa ìyàtọ̀ náà.

Oṣù mélòó ló wá yẹ kí n fún ọmọ lọ́mú?

Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń sọ ni pé kí ẹ gbé ọmọ sọ́mú láàárín wákàtí kan tí ẹ bí i, kó mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà kí ẹ fi oúnjẹ kún un, kí ọmú sì máa bá a lọ títí ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe torí àtọ̀gbẹ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìgbẹ́ gbuuru àti àrùn ẹ̀dọ̀fóró, tó ń pa ọmọ wa lóòótọ́, ni ọmú ń gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ jù.

Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba ti 2018 fi hàn pé 29 péré nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan. Ní 2013, 17 ni. Fífún ọmọ lọ́mú kì í ṣe ìṣòro wa, gbogbo ìyá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ "nìkan" yẹn ló le.

Omi ńkọ́? Àgbo ńkọ́?

Nínú ìwọ̀n 100 omi ọyàn, nǹkan bí 87 ló jẹ́ omi. Ọmọ tó ń mu ọmú dáadáa ò nílò omi kankan títí oṣù mẹ́fà, kódà nínú ooru oṣù kẹta.

A ò ní ẹ̀rí pé omi tàbí àgbo ń fa àtọ̀gbẹ, n kò sì ní fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń gba àyè ọmú nínú ikùn kékeré yẹn, omi tí wọ́n fi sè é lè dọ̀tí, kò sì sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ife àgbo kan. Bí ìyá ọkọ bá gbé ife dé, ẹ má bá a jà. Ẹ ní "Ẹ ṣé mà," kí ẹ wá bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ọbẹ̀ gbígbóná àti ẹ̀kọ wá fún ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú ni òùngbẹ ń gbẹ.

Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ògì? Mo gbọ́ pé oúnjẹ oníhóró ń fa àtọ̀gbẹ.

Ìwádìí méjì ló wà nídìí ohun tí ẹ gbọ́ yẹn, ọdún 2003 ni méjèèjì jáde, ọ̀kan láti Jámánì, èkejì láti Colorado ní Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tí àtọ̀gbẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìran wọn ni wọ́n tẹ̀lé. Ti Jámánì rí i pé oúnjẹ tó ní gluten, ìyẹn èròjà inú àlìkámà, kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́ta, máa ń mú kí àmì pé ara ti ń gbógun ti pancreas tètè yọ nínú ẹ̀jẹ̀. Ti Colorado rí i pé ẹni tó tètè bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ oníhóró jù, ṣáájú oṣù mẹ́rin, àti ẹni tó pẹ́ jù, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà gbáko, ni ewu ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ wọn.

Ògì wa, àgbàdo tàbí ọkà bàbà ni. Kò sí gluten nínú rẹ̀. Àmọ́ oúnjẹ ọmọdé inú páálí ńkọ́? Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ páálí náà, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi àlìkámà ṣe, bẹ́ẹ̀ ni semolina. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà, ẹ má dúró di oṣù mẹ́sàn-án, kí ọmú sì ṣì máa lọ nígbà tí oúnjẹ bá bẹ̀rẹ̀. Ògì lásán kò gbé ọmọ dúró: ẹ po ẹ̀pà lílọ̀ tàbí ẹ̀wà mọ́ ọn, tàbí kí ẹ fọ́ ẹyin àti ẹja sí i.

Ṣé mílíìkì agolo ló ń fa àtọ̀gbẹ?

Ìbéèrè yìí ló ná àwọn onímọ̀ lówó jù. Ní 1992, ìwádìí kan gbé e jáde pé èròjà kan nínú wàrà màlúù jọ ohun kan tó wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì pancreas, pé ó ṣeé ṣe kí ara ọmọ kọ́kọ́ kọjúùjà sí wàrà, kó wá ṣi àwọn sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ mú. Ẹ̀rù ba àwọn ìyá níbi gbogbo.

Wọ́n wá dán an wò bó ṣe yẹ. Wọ́n kó 2,159 ọmọ jọ ní orílẹ̀-èdè 15, gbogbo wọn ló ní bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní. Nígbà tí àwọn ọmọ náà bá nílò mílíìkì lẹ́yìn ọmú, wọ́n fún apá kan ní mílíìkì agolo tí gbogbo èèyàn mọ̀, wọ́n sì fún apá kejì ní mílíìkì àkànṣe tí wọ́n ti fọ́ èròjà wàrà màlúù inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ìyá ò mọ èyí tí wọ́n fún òun, dókítà náà ò mọ̀. Wọ́n tẹ̀lé wọn fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018: 8.4 nínú 100 àwọn tó mu ti àkànṣe ló ní àtọ̀gbẹ, 7.6 nínú 100 àwọn tó mu ti gbogbo ayé. Kò sí ìyàtọ̀ gidi kankan.

Nítorí náà, ẹ má torí àtọ̀gbẹ ra mílíìkì olówó gọbọi. Ọmọ tó ń mu mílíìkì agolo ò tìtorí rẹ̀ di alátọ̀gbẹ. Ohun tó yẹ kó kàn yín nípa mílíìkì agolo lọ́dọ̀ wa ni omi tí ẹ fi ń pò ó, ike tí ẹ kò rí omi gbígbóná fọ̀, àti ìyá tó ń bù ú ní síbí kan dípò mẹ́ta kí agolo má baà tètè tán.

Omi ọyàn dùn. Ṣé ṣúgà inú rẹ̀ ò ní ṣe ọmọ ní nǹkan?

Rárá. Ṣúgà inú omi ọyàn ni lactose, nǹkan bíi gíráàmù méje nínú 100 mílílítà. Òun ló ń bọ́ ọpọlọ ọmọ. Kò sí àtọ̀gbẹ kankan tó ń tibẹ̀ wá.

Èmi fúnra mi ni alátọ̀gbẹ. Ṣé ọmọ lè mu àìsàn náà látinú ọmú mi?

Kò lè mu ún. Àtọ̀gbẹ kì í ràn, ọ̀nà ọmú kọ́ sì ni ìran ń gbà kọjá. Insulin tí ẹ ń gún kò ní ṣe ọmọ ní nǹkan kan, torí pé èyí tó bá tilẹ̀ dé inú omi ọyàn, inú ọmọ ló ti máa dà á bí oúnjẹ. Metformin máa ń bọ́ sínú omi ọyàn, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kéré débi pé àwọn dókítà gbà kí ìyá máa lò ó lọ. Oògùn àtọ̀gbẹ yòókù, ẹ bi dókítà kí ẹ tó gbé e mì.

Nǹkan méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́, fífún ọmọ lọ́mú ń jẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹni tó ń gún insulin lè rí i pé ara òun ń gbọ̀n, òógùn ń bò òun láàárín òru tí ọmọ ń mu ọmú. Ẹ gbé omi àti ohun jíjẹ sí tòsí, ẹ sì sọ fún dókítà kó yẹ ìwọ̀n insulin náà wò. Èkejì, omi ọyàn alátọ̀gbẹ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ya dáadáa lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ má rò pé kò ní wá. Ẹ máa gbé ọmọ sọ́mú lemọ́lemọ́.

Alátọ̀gbẹ ni mí. Kí ló dé tí wọ́n fi ń gún ọmọ mi ní gìgísẹ̀ nígbà tí mo bí i tán?

Torí pé nínú oyún, ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yín ń kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, insulin tirẹ̀ á sì máa tú jáde púpọ̀ láti kojú rẹ̀. Tí wọ́n bá gé ìwọ́ tán, ṣúgà yẹn dáwọ́ dúró lójijì, insulin rẹ̀ ò sì tíì dínkù. Ṣúgà ọmọ lè wá já wálẹ̀ jù. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n ń gbà ní gìgísẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀.

Oògùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ọmú, láàárín wákàtí kan, kó tún máa mu ún ní wákàtí méjì sí mẹ́ta síra. Omi ọyàn tó kọ́kọ́ máa ń jáde, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú tó sì ki, tí àwọn kan ṣì ń fún dà nù, òun gan-an ni kó mu. Ní Australia, ìwádìí kan tó jáde ní 2017 fi hàn pé ìyá alátọ̀gbẹ tí oyún rẹ̀ kò ní ìṣòro mìíràn lè máa fi ọwọ́ fún díẹ̀díẹ̀ rẹ̀ sínú síríǹjì láti ọ̀sẹ̀ 36, kó tọ́jú rẹ̀ sínú yìnyín de ọmọ. Ẹ má dá a ṣe láìsọ fún nọ́ọ̀sì yín o.

Àsìkò oyún nìkan ni ṣúgà mi ga. Ṣé ọmú ṣì ní àǹfààní kankan?

Ó ní, fún ẹ̀yin gan-an. Àtọ̀gbẹ inú oyún sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ, ṣùgbọ́n ó máa ń padà wá bí oríṣi kejì fún ọ̀pọ̀ obìnrin lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ̀lé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú àti funfun fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tó jáde ní 2018, àwọn tó fún ọmọ lọ́mú oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní oríṣi kejì ní nǹkan bí ìdajì iye àwọn tí kò fún ọmọ lọ́mú rárá. Láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ, ẹ lọ yẹ ṣúgà yín wò. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í padà lọ. Ìkómọ tán, ọ̀rọ̀ tán.

Ṣé ọmú ń dènà oríṣi kejì ju oríṣi kìíní lọ?

Ẹ̀rí tirẹ̀ lágbára díẹ̀ ju ti oríṣi kìíní lọ. Láàárín àwọn Pima, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Arizona, tí oríṣi kejì pọ̀ láàárín wọn gan-an, ìwádìí tó jáde ní 1997 rí i pé àwọn tó mu ọmú nìkan fún oṣù méjì àkọ́kọ́ kò ní in tó àwọn tó mu ìgò nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé kó ọ̀pọ̀ ìwádìí irú rẹ̀ pọ̀, ó sì rí i pé ewu náà fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dínkù lára àwọn tó mu ọmú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òdìkejì rẹ̀. Ní Belarus, láti 1996, wọ́n tẹ̀lé ìyá àti ọmọ tó lé ní 17,000. Wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní apá kan àwọn ilé ìwòsàn láti ran ìyá lọ́wọ́ kí ọmú lè pẹ́, wọ́n sì fi apá kejì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọmú pẹ́ lóòótọ́ ní apá àkọ́kọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún mọ́kànlá àti ààbọ̀, wọn kò tẹ́ẹ́rẹ́ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Lójú tèmi, ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ ò lè fún ọmọ lọ́mú ọdún méjì, kí ẹ wá máa fi ìndómì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì máa retí pé ọmú á gbà á sílẹ̀.

Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n lè fún un lọ́mú bó ṣe yẹ. Ṣé mo ti ba ọmọ mi jẹ́?

Rárá o. Ẹ tún ìdáhùn lórí Norway àti Denmark kà.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá tó ń tọ́mọ ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fi fún ọmọ lọ́mú. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fún òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ ní ìsinmi oṣù mẹ́fà fún ọmọ méjì àkọ́kọ́ láti 2014. Ẹni tó ń tajà ní Mushin tàbí Ọjà Ọba ò sí nínú òfin kankan, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ọmọ wà, nítorí náà òun gan-an ló lè fún un lọ́mú jù.

Ẹni tó bá ń fún omi ọyàn sílẹ̀, kó fọ ọwọ́ àti ike dáadáa. Nínú yàrá tí kò gbóná ju ìwọ̀n 25 lọ, ó lè wà fún wákàtí mẹ́rin. Yàrá wa gbóná jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà inú kúlà tó ní yìnyín ló yẹ ẹ́. Nínú fíríìjì tí iná rẹ̀ ò lọ, ọjọ́ mẹ́rin. Ife àti síbí sàn ju fídà lọ, torí fídà ṣòro fọ̀.

London la wà. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fún ọmọ ní fítámì D. Ṣé omi ọyàn mi ò tó ni?

Ó tó nínú ohun gbogbo àfi ìyẹn. Oòrùn ló ń ṣe fítámì D sí wa lára, oòrùn ibẹ̀ ò sì tó, pàápàá fún awọ dúdú tó wà nínú ẹ̀wù òtútù láti oṣù kẹwàá. Ìlera ìjọba níbẹ̀ ní kí ọmọ tó ń mu ọmú máa gba 8.5 sí 10 microgram lójúmọ́. Egungun ọmọ ni wọ́n ń ṣọ́. Pé ó ń dènà àtọ̀gbẹ, ìwádìí kan ní Finland sọ bẹ́ẹ̀ ní 2001, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tíì fìdí múlẹ̀.

Wọ́n ní Finland ni àtọ̀gbẹ ọmọdé pọ̀ sí jù láyé. Ṣé wọn kì í fún ọmọ lọ́mú níbẹ̀ ni?

Wọ́n ń fún wọn. Ìyá tí kò fún ọmọ lọ́mú rárá ò wọ́pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ nínú 100,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, ó lé ní 50 tó ń bọ́ sínú oríṣi kìíní lọ́dọọdún. Ìran wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìran nìkan kọ́: ní Karelia ti Rọ́ṣíà, tó bá Finland pààlà, tí ẹ̀jẹ̀ ìran wọn sì jọra gan-an, iye náà jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ti Finland. Ohun tó wà ní àyíká, ìmọ́tótó, kòkòrò, ọ̀nà ìgbésí ayé, ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọmú tí a ń fún ọmọ púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni kò jẹ́ kí àtọ̀gbẹ ọmọdé pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ ká rọra. Ọmọ tí àtọ̀gbẹ pa tí wọ́n kọ ibà sí káàdì rẹ̀, inú ìṣirò ibà ló wà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe ọmọ mi?

Omi ni kí ẹ máa wò. Ọmọ á máa mu omi bí ẹni tó ti Sàhárà bọ̀, á sì máa tọ̀ ọ́. Pampers tó yẹ kó gbé òru á ti wúwo rìbìtì láàárín wákàtí díẹ̀. Èyí tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń jẹun, ó sì ń rù. Níbi tó tọ̀ sí ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ lè bá èèrà tó tò lọ síbẹ̀. Tí ọmú bá wà lẹ́nu rẹ̀, kò ní fẹ́ fi í sílẹ̀, òùngbẹ ni, kì í ṣe ebi.

Tó bá ti kọjá ibẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í bì, inú á máa run ún, èémí rẹ̀ á jìn, á yára, ẹnu rẹ̀ á máa rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni, kì í ṣe kẹ́mìsì. Ibí yìí ni wọ́n ti ń sọ pé ibà àti táífọ́ọ̀dù ni, tí wọ́n á so omi ṣúgà mọ́ ọmọ lápá. Ẹ má tijú, ẹ sọ fún wọn pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò." Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ni, kì í tó ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ̀rọ bá gbé 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde (11.1 lórí ẹ̀rọ tó ń lo mmol), tí àwọn àmì yìí sì wà, àtọ̀gbẹ ni.

Wọ́n ní àgbo kan wà tó ń wò ó sàn. Ṣé mo lè dá insulin dúró?

Ẹ má dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún insulin fún aláìsàn ní Toronto ní 1922, ọmọ tó bá ní oríṣi kìíní, ikú ló ń dúró dè. Ẹ gbàdúrà, kò burú. Kí abẹ́rẹ́ ṣáà wọlé lásìkò rẹ̀.

Bàbá ọmọ ló ní oríṣi kìíní. Ewu mélòó ló wà fún ọmọ?

Tó bá jẹ́ bàbá ló ní in, nǹkan bí ọmọ 6 nínú 100 ló máa ní in. Tó bá jẹ́ ìyá, ó kéré sí i, 1 sí 4 nínú 100. Ẹ wo ibi tó kù: àwọn tó lé ní 90 ò ní ní in. Ẹ fún ọmọ náà lọ́mú, ẹ má fún un ní àlìkámà kó tó pé oṣù mẹ́fà, ẹ fi àwọn àmì òkè yìí sọ́kàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà tó lè fi hàn bóyá ara ti ń gbógun ti pancreas ṣáájú kí ṣúgà tó ga, àmọ́ kò tíì rọrùn láti rí lọ́dọ̀ wa.

Ọmọ mi ti ní àtọ̀gbẹ, ó sì ṣì ń mu ọmú. Ṣé kí n já a lẹ́nu ọmú?

Kò pọn dandan. Ọmú ṣì ni oúnjẹ rẹ̀. Ohun tó ń fún dókítà ní iṣẹ́ ni pé a ò lè rí iye tó mu, gíráàmù méje lactose nínú 100 mílílítà sì ni wọ́n máa fi ṣírò. Àwọn kan máa ń ní kí ìyá fún omi ọyàn sínú ife fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ kọ àsìkò tó mu ọmú sílẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn, pàápàá lóru.

Ọmọ oṣù mẹ́rin ni, ọmú nìkan ló ń mu, ṣúgà rẹ̀ sì ga. Báwo ló ṣe jẹ́?

Kò sí ohun tí ìyá jẹ tàbí tí kò jẹ tó fa èyí. Àtọ̀gbẹ tó bá yọ kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà kì í sábà jẹ́ oríṣi kìíní, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oríṣi kejì. Àbùkù kan nínú jíìnì kan ṣoṣo, ìyẹn ìtọ́ni tó ń darí iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì, ló sábà máa ń fà á, àwọn jíìnì tó sì wọ́pọ̀ nínú wọn ni KCNJ11 àti ABCC8.

Ẹ ní kí dókítà fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò jíìnì. Yunifásítì Exeter ní England ti ń ṣe é fún àwọn ọmọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé láti 2006 ni wọ́n ti fi hàn pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí jíìnì méjì yẹn kàn lè kúrò lórí abẹ́rẹ́ insulin bọ́ sórí oògùn oníhóró, glibenclamide, tí wọ́n ń tà ní kẹ́mìsì fún àwọn àgbàlagbà alátọ̀gbẹ. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe ìyípadà náà, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ṣúgà lọ́wọ́. Kí èsì àyẹ̀wò tó dé, insulin ni ọmọ máa gbà, ọmú rẹ̀ ò sì ní dúró.